Ọyẹ́ Kọ́ Ni Ká Dá Lẹ́bi: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìlera Ìdílé Nígbà Ọdún ní Kétu, Ilẹ̀ Benin

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ òwúrọ̀ sílẹ̀ tí ẹ wá jókòó síbí, mo kí yín kú ọyẹ́, mo sì kí yín kú ìmúra ọdún. Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa bí ìdílé ṣe lè wà ní àlàáfíà láti ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá ti gba ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ nínú oṣù Kejìlá títí di ìgbà tí a bá ṣe ọdún ìbílẹ̀ ti oṣù Kínní tán. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni gbólóhùn kan tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá ọlọ́mọ ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì: "Nọ́ọ̀sì, ọyẹ́ ló mú un." Ọmọ ń wúkọ́, wọ́n ní ọyẹ́ ni. Ọmọ ń yàgbẹ́ gbuuru, wọ́n ní ọyẹ́ ni. Bàbá àgbà ṣubú ní balùwẹ̀, apá kan kò gbé mọ́, wọ́n ní ọyẹ́ ló gbá a. Mo fẹ́ sọ lónìí pé ẹ̀sùn tí a ń kà sí ọyẹ́ lẹ́sẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọyẹ́ jẹ̀bi díẹ̀ níbẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ń gbé wa dé ilé ìwòsàn lásìkò yìí, àwa fúnra wa la ń ṣe é, nítorí pé òtútù dé àti nítorí pé ọdún dé.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ọyẹ́ jẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni, tó ń ti ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, tó máa ń fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa láàárín ìparí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta. Ibì kan wà ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì tí wọ́n ń pè ní Bodélé, ilẹ̀ kòtò tí adágún omi ńlá kan ti gbẹ sí láti ayé àtijọ́. Ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tí eruku ti ń tú jáde jù lọ ní gbogbo ayé, afẹ́fẹ́ a sì gbé e kọjá lórí ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn títí yóò fi bà lé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Àwọn ará Kútọnu àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní òkun àti ọ̀sà tí ń bu omi sí afẹ́fẹ́ wọn. Àwa ará Kétu wà lórí ilẹ̀ gíga tí omi rẹ̀ jìn nísàlẹ̀, a sì sún mọ́ Ṣábẹ̀ẹ́ ní ìhà àríwá ju etíkun lọ, nítorí náà ọyẹ́ tiwa a máa gbẹ jù tiwọn. Ohun tí afẹ́fẹ́ yìí ń ṣe sí ara kò ju pé ó ń fa omi ibẹ̀ gbẹ: ètè a là, gìgísẹ̀ a sán, ojú a máa ta, ara a funfun bí ẹni tó yí nínú eérú. Èyí tí a kì í fojú rí ló ṣe pàtàkì jù. Inú imú wa ní omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti irun kéékèèké tí ń gbá eruku àti kòkòrò jáde kí wọ́n tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, a jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti sùn lọ. Síbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ tó sùn kì í jalè fúnra rẹ̀. Olè ni yóò wọlé, ẹnì kan ni yóò sì ṣílẹ̀kùn fún un.

Iyàrá tí a ń tì pa ni ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú lásìkò yìí, tí afẹ́fẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tutù débi pé ìwọ̀n ooru òwúrọ̀ a máa lọ sí abẹ́ 20 dígírì nígbà mìíràn, a ó ti fèrèsé, a ó fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn, a ó wá kó ènìyàn mẹ́jọ sínú iyàrá tí ènìyàn mẹ́ta ń sùn sí tẹ́lẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ti dé láti Ìbàdàn, àbúrò ti dé láti Kútọnu, àwọn ọmọ wọn sì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló gbé ọ̀fìnkìn wá. Àwọn kòkòrò tí ń fa ọ̀fìnkìn àti ìnfúlúẹ́nsà ń bá itọ́ wẹ́wẹ́ jáde lẹ́nu ẹni tí ń wúkọ́ tàbí tí ń sín, bí afẹ́fẹ́ kò bá sì ráyè jáde, inú iyàrá náà ni gbogbo rẹ̀ ń fò kiri sí di òwúrọ̀. Tí ilé bá fi di ọjọ́ kẹta ọdún tí kò sí ẹni tí imú rẹ̀ kò máa dà, ẹ̀bi ta ni? Ẹ wọ aṣọ tó nípọn fún àwọn ọmọ, ẹ fi fìlà bò wọ́n lórí, ẹ fi ìbora méjì bò wọ́n bí ẹ bá ní i, ṣùgbọ́n ẹ fi fèrèsé kan sílẹ̀ ní ṣíṣí, kódà kó jẹ́ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ẹni tí ń wúkọ́, kí ó wúkọ́ sí ìgunpá rẹ̀, kí ó má fi àtẹ́lẹwọ́ gbà á, nítorí pé ọwọ́ yẹn kan náà ni yóò fi bọ àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ni yóò fi fa ọmọ ọwọ́ léèékẹ́.

Ohun tó burú ju ọ̀fìnkìn lọ wà nínú iyàrá títì yìí, ó sì yẹ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Àwọn kan a máa gbé ààrò èédú wọlé kí iyàrá lè móoru, pàápàá níbi tí abiyamọ tuntun bá wà. Wọ́n á ní èédú náà ti pọ́n, kò ní èéfín mọ́, kò lè ṣe nǹkan kan. Èédú tó ti pọ́n tí kò rú èéfín gan-an ló ń tanni jẹ. Nígbà tí èédú bá ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò tó, ó ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí kì í ta ojú. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ohun tí ń gbé afẹ́fẹ́ tútù kiri ara máa ń dì mọ́ afẹ́fẹ́ olóró yìí ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bó ṣe ń dì mọ́ afẹ́fẹ́ tútù lọ. Ìyẹn ni pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti gba ààyè mọ́ èyí tí ẹ̀mí wa gbára lé. Orí a kọ́kọ́ fọ́ni, èébì a máa gbéni, òòyì a máa kọ́ni, oorun a sì wá gbé ènìyàn lọ. Bí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta nínú iyàrá kan náà bá jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má wá àjẹ́ kiri o. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ kó gbogbo wọn jáde síta, ẹ gbé ààrò jáde, ẹ sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Abiyamọ tí òtútù ń mú nílò aṣọ àti ọmọ rẹ̀ láyà; ara ìyá ń mú ọmọ móoru ju ààrò lọ.

Nípa ikọ́ ọmọdé, ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni pé báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ̀ bóyá ọ̀fìnkìn lásán ni tàbí òtútù àyà, èyí tí ń pa ọmọdé. Ọ̀nà kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀, tí ẹni tí kò lọ sílé ẹ̀kọ́ náà lè ṣe bí ó bá ṣáà lè ka ení, èjì. Ẹ dúró títí ọmọ yóò fi dákẹ́, kó má ṣe pé ó ń sunkún tàbí pé ó ń mu ọmú lọ́wọ́. Ẹ gbé aṣọ rẹ̀ sókè kúrò níkùn, kí ẹ sì gbé fóònù yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ lè rí ìṣẹ́jú. Ẹ ó rí i tí ikùn ń lọ sókè tí ń bọ̀ sílẹ̀. Bó bá lọ sókè tó sì bọ̀ sílẹ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Ẹ kà á fún odindi ìṣẹ́jú kan, ẹ má kà á fún ìlàjì kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, nítorí pé mímí ọmọdé kì í dọ́gba. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, bó bá mí tó ìgbà 60, ó ti yá jù. Ọmọ oṣù méjì sí ẹni tí kò tíì pé ọdún kan, 50. Láti ọdún kan sí ọdún márùn-ún, 40. Bí ó bá tó iye wọ̀nyí, tàbí bí ẹ bá rí i pé ìsàlẹ̀ igbáàyà ọmọ ń wọlé sínú nígbà tó bá ń fa èémí, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò fín in ní gbẹ́rẹ́. Mo ti kọ́ ìyá arúgbó kan ní kíkà yìí rí, ẹni tí kò mọ ìwé, tó ń ju òkúta wẹ́wẹ́ kan sínú àwo bí ó bá ti ka mẹ́wàá-mẹ́wàá. Àwo yẹn ló gbé wá bá mi pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ọ̀gànjọ́ òru: òkúta mẹ́fà. Kò sọ pé ọyẹ́ ni.

Fún ọ̀fìnkìn tí kò ní àmì wọ̀nyí, sùúrù, omi àti ọmú ni oògùn rẹ̀, nítorí pé àwọn oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń tà ní hóró kọ̀ọ̀kan lójú ọjà kò ran irú kòkòrò tí ń fa ọ̀fìnkìn rárá. Kútọnu tiwa yìí ni wọ́n ti jókòó ní ọdún 2009 tí wọ́n ti ké sí gbogbo ayé pé kí wọ́n gbógun ti ayédèrú oògùn. Yóò jẹ́ ìtìjú bí àwa bá ń rà á fún ọmọ wa lórí àtẹ. Oyin dára fún ikọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, nítorí pé májèlé kan lè tinú rẹ̀ jáde nínú ìfun ọmọ kékeré. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò nílò omi lásìkò ọyẹ́, bó ti wù kí ètè rẹ̀ gbẹ tó; nínú ọmú ìyá, tí a bá pín in sí ọ̀nà 100, bíi 88 ni omi. Ìyá ni kí ó máa mu omi. Ẹ̀yin àgbà pẹ̀lú, ẹ máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín, nítorí òtútù kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé ara ń gbẹ. Ẹ fi òrí pa ara lẹ́yìn ìwẹ̀ nígbà tí ara ṣì tutù díẹ̀, ẹ fi díẹ̀ pa ètè àti ihò imú. Òrí ilẹ̀ wa tó o, ẹ kò nílò ìpara olówó ńlá.

Àwọn kan wà tí ọyẹ́ ń hàn léèmọ̀ ní tòótọ́, n kò sì ní fi ẹ̀tọ́ wọn dù wọ́n. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, tí a ń pe àìsàn wọn ní fòníkú-fọ̀ladìde, òtútù àti àìmu-omi-tó ni ohun méjì tó máa ń gbé ìrora eegun dìde sí wọn jù. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà nílé, ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ òtútù ti di oògùn fún un, ìgò omi rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa bá a lọ síbi eré ọdún. Ẹ má jẹ́ kó wẹ omi tútù láàárọ̀ nítorí pé a fẹ́ tètè lọ síbi ìsìn. Àwọn tó ní ikọ́ fée pẹ̀lú, eruku àti èéfín igbó tí a ń sun lásìkò yìí ni ọ̀tá wọn. Oògùn tí wọ́n ń fín sẹ́nu kò gbọdọ̀ tán kí ọjọ́ ọdún tó pé. Àti àrùn yírùnyírùn: láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Etiópíà ni ilẹ̀ tí ó ti máa ń jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, apá òkè orílẹ̀-èdè wa sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ ṣe ọdún lọ́dọ̀ àna rẹ̀ ní Kandi tàbí Natitingou, kí ó bèèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kí ó tó lọ. Ibà gbígbóná, ẹ̀fọ́rí líle, ọrùn tí kò ṣeé tẹ̀ síwájú, ojú tí kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀: ọ̀rọ̀ wákàtí ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la.

Ilẹ̀kùn kejì ni àlejò. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò ní kí àlejò má wá, èmi náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Faransé, ìgbà òtútù tiwọn gan-an ni ìsinmi Kérésìmesì wọn ń bọ́ sí, ìgbà náà sì ni ìnfúlúẹ́nsà ń jà níbẹ̀. Wọ́n lè bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú pẹ̀lú rẹ̀ kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n. Ọ̀dọ̀ tiwọn náà ni ewu tó tóbi jù wà, nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò ní ìdáàbòbò kankan lára fún ibà ẹ̀fọn. Àwa tí ẹ̀fọn ti ń jẹ láti kékeré, ara wa ti mọ bí a ṣe ń bá a jà díẹ̀. Bàbá ọmọ náà pàápàá, tó ti lò tó ọdún 10 lọ́hùn-ún, ti pàdánù èyí tó pọ̀ nínú agbára yẹn, ṣùgbọ́n òun ló máa ń sọ pé, "Kétu ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀fọn kò lè ṣe mí ní nǹkan kan." Lóòótọ́ ẹ̀fọn ń dín kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n kì í tán, pàápàá nílé tí a ń tọ́jú omi sínú ìkòkò àti àgbá tí kò ní ìdérí, èyí tí gbogbo wa sì ń ṣe nítorí pé omi ṣọ̀wọ́n. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí wọ́n tó wá: kí wọ́n gba oògùn ìdènà ibà lọ́wọ́ dókítà wọn, kí wọ́n sì gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ó kéré tán ọjọ́ 10 kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Bí wọ́n bá sì dé, àwọ̀n ẹ̀fọn tó dára jù nílé ni kí ẹ ta fún àwọn ọmọ wọn. Ibà tó bá mú wọn lẹ́yìn tí wọ́n padà sí Faransé, kí wọ́n sọ fún dókítà ọ̀hún pé Benin ni wọ́n ti ń bọ̀, nítorí òtútù ni dókítà náà yóò kọ́kọ́ rò.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa ìkòkò báyìí, mo sì mọ̀ pé àwọn ìyá yóò bínú sí mi. A máa ń se oúnjẹ ọdún kó pọ̀ ju bí a ṣe lè jẹ ẹ́ lọ, nítorí ojú a máa ti ènìyàn bí àlejò bá dé tí ìkòkò bá ti gbófo. A ó se ìrẹsì láti ìdájí, a ó fi ìkòkò sílẹ̀ lórí ààrò tí iná rẹ̀ ti kú, a ó máa bù ú fún àwọn tí ń wọlé títí di ìrọ̀lẹ́, a ó tún un gbé kaná lálẹ́, a ó sì jẹ èyí tó kù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kòkòrò kan wà tí irúgbìn rẹ̀ ń gbé nínú ìrẹsì gbígbẹ, tí gbígbóná kì í pa. Bí ìrẹsì sísè bá wà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí púpọ̀, irúgbìn yẹn a hù, a sì tu májèlé sínú rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé bí a tilẹ̀ tún ìrẹsì náà kaná títí ó fi jóná nísàlẹ̀, májèlé yẹn kì í lọ. Nítorí náà, "mo ti tún un gbóná" kì í ṣe ìdáhùn. Oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ nílẹ̀ láìgbóná dáadáa tàbí láìsí nínú ẹ̀rọ amómitutù. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ, kí ó sè é ní ìkòkò kékeré méjì ní àkókò méjì dípò ìkòkò ńlá kan ní ìdájí. Ọbẹ̀ pàápàá kò yọ sílẹ̀ nínú wákàtí méjì yìí. Ọ̀bẹ tí a fi gé adìẹ tútù kò gbọdọ̀ kan tòmátì àti àlùbọ́sà tí a ó jẹ ní tútù, àfi bí a bá fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀bẹ kan ṣoṣo tó mú ló máa ń wà nílé. Ẹ kọ́kọ́ gé àlùbọ́sà nígbà náà, kí ẹ tó kan adìẹ.

Bí ọmọ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, omi tí ń jáde ni kí a dá padà. Lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ tẹ́ orí ṣíbí náà pẹrẹsẹ, ẹ má kó o jọ bí òkìtì, nítorí iyọ̀ tó pọ̀ jù lè pa ọmọ. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fi ṣíbí fún un, bó bá sì bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Kí ó máa jẹun, kí ó máa mu ọmú. Ilé ìwòsàn yóò fún un ní síǹkì fún ọjọ́ 10 sí 14, kí ẹ sì jẹ́ kó lò ó tán bí ìgbẹ́ tilẹ̀ ti dúró ní ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ bàbá àgbà tó ṣubú ní balùwẹ̀ ló kù. Òtútù a máa fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru a sì ròkè díẹ̀ sí i. Ọyẹ́ ní ìpín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè nílé, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé bàbá ti dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró láti bí ọjọ́ márùn-ún, bóyá nítorí pé ó tán tí owó sì ti bá aṣọ ọdún lọ, bóyá nítorí pé wọ́n fẹ́ mu sọ̀dabì, ìyẹn ògógóró, díẹ̀ pẹ̀lú àwọn àlejò tí wọn kò sì fẹ́ pa á pọ̀ mọ́ oògùn. Wọ́n ti wá jẹ ẹran oníyọ̀, ọbẹ̀ tí mágì kún inú rẹ̀, fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ tó yẹ àgbàlagbà lójúmọ́, tí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò ju ṣíbí tíì kan lọ. Ìyá tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà náà ń gba ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò lọ́wọ́ gbogbo ọmọ tó bá wá kí i, kò fẹ́ kọ̀ fún wọn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi ìfẹ́ pa ìyá yín. Ẹ ra oògùn oṣù kan sílẹ̀ kí ẹ tó ra adìẹ. Bí ẹ bá sì rí i tí ojú àgbà kan ṣàdédé yí, ẹ ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ wò ó bóyá ẹnu lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ ní kí wọ́n gbé apá méjèèjì sókè, ẹ wò ó bóyá ọ̀kan ń já bọ́. Ẹ ní kí wọ́n pe orúkọ àkọ́bí wọn. Ọ̀kan péré tó bá yàtọ̀, ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì rántí aago tó bẹ̀rẹ̀, nítorí dókítà yóò bi yín.

Lórí èkúté, díẹ̀ ni n ó sọ. Nígbà tí a bá ti kó irè oko wọlé tí a sì ti sun igbó, ilé wa ni èkúté ń sá wá. Irú kan wà nínú wọn, èyí tí ọmú rẹ̀ pọ̀, tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ń gbé ibà Lásà kiri, àìsàn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lásà ní Nàìjíríà ní ọdún 1969, tó sì ti jà ní Benin níbí ní ọdún 2014 àti 2016. Gàrí tí a sá sí ẹ̀bá títì ní alẹ́ mọ́jú, àwọn ni ó ń rìn lórí rẹ̀. Ẹ sá gàrí lójú yín, ẹ kó o wọlé kí oòrùn tó wọ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ohun tó ní ìdérí líle. Ibà tí kò gbọ́ oògùn ibà ẹ̀fọn, pàápàá bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ ní ẹran ìdí eyín tàbí ní imú, kí ẹ sọ ọ́ fún ilé ìwòsàn láti ẹnu ọ̀nà kí wọ́n lè wọ ìbọ̀wọ́.

Ó ku ìgò kan. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún kan, mo gbọ́ igbe ní agbo ilé kejì sí tiwa. Ọmọ ọdún mẹ́ta ti mu kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà ní ẹ̀bá títì. Wọ́n rọ epo náà sínú ìgò ohun mímu ọlọ́sàn, wọ́n gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, àwọn àlejò sì gbé ìgò ohun mímu ọdún wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ìyá rẹ̀ àgbà ti di ọmọ mú, ẹnì kan ti gbé ṣíbí epo pupa sí i lẹ́nu kí ó lè bì. Mo gba ṣíbí náà. Epo bẹntiróòlù kì í sábà pa ọmọ nínú ikùn. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́, ìgbà tí ọmọ bá sì ń bì ni ó rọrùn jù fún un láti gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ibẹ̀. A bọ́ aṣọ tó ti rin lára rẹ̀, a fi ọṣẹ fọ ara rẹ̀, a sì gbé e lọ lórí ọ̀kadà láìfún un ní epo, láìfún un ní mílíìkì. Ó lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀ kí ikọ́ tó fi í sílẹ̀. N kò lè sọ pé kí ẹ má ra kpayo, mo mọ iye tí ẹ ń rà á àti iye tí wọ́n ń ta ti ilé epo. Ẹ má ṣáà rọ ọ́ sínú ìgò tí ènìyàn fi ń mu nǹkan, ẹ má sì gbé e sínú ilé tí a ti ń dáná.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, bàbá kan dìde lẹ́yìn, wọ́n ní èmi kò ì tíì fẹnu kan oògùn òtútù tí baba ńlá wọn fi sílẹ̀, ìyẹn sọ̀dabì kéré kan ní ìdájí, tó máa ń mú gbogbo ara gbóná. Mo dá wọn lóhùn pé ọtí ń ṣí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ ara ni. Ooru tó yẹ kó wà nínú a jáde sí awọ, ènìyàn a rò pé òun ń móoru, bẹ́ẹ̀ ooru rẹ̀ ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ kò tọ́ ọ wò rí ni?" Mo ní mo ti tọ́ ọ wò, Bàbá, ṣùgbọ́n mo wọ aṣọ òtútù lé e.